Mú Àpò Rẹ: Iná Pignarûl àti Èéfín Tí Ń Sọ Bí Ọdún Yóò Ṣe Rí

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn àti Èkó ti jẹ ẹran ọdún tán, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì ti ń kan ilẹ̀kùn, àwọn ará Tarcento a máa gun òkè lọ wo èéfín. Tarcento jẹ́ ìlú kékeré kan ní àríwá Udine, ní ilẹ̀ Ítálì. Òtútù á mú débi pé èémí á máa jáde lẹ́nu ènìyàn bí ooru ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ògùṣọ̀ á wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Lórí òkè, òkìtì igi gbígbẹ kan tí ó ga ju ilé lọ á ti dúró dè wọ́n. Wọn á ti iná bọ̀ ọ́, iná á gbà, gbogbo ojú á sì yí sókè láti mọ ibi tí èéfín yóò kọrí sí.

Àwọn àgbà ilẹ̀ náà ní òwe kan lórí rẹ̀. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé bí èéfín bá kọrí sí ìlà-oòrùn, kí onílé mú àpò rẹ̀, kí ó máa lọ sọ́jà, nítorí ọdún á ya abo, irè oko á sì pọ̀ débi tí a ó fi rí èyí tí a ó tà. Bí ó bá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, kí onílé mú àpò rẹ̀, kí ó máa rìn káyé, nítorí ilẹ̀ kò ní í lè bọ́ ọ lọ́dún yìí. Ẹ kíyè sí i pé àpò náà kò yí padà. Bó dára, bó burú, àpò á kúrò lára ògiri. Ọ̀nà tí a ó gbé e gbà nìkan ni èéfín ń sọ. Ọ̀rọ̀ àpò yìí ni ó gbé ayẹyẹ náà dúró, a ó sì padà sí orí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Friuli ni orúkọ ilẹ̀ náà. Udine, tí ènìyàn inú rẹ̀ tó nǹkan bí 100,000, ni ìlú tó tóbi jù níbẹ̀. Àwọn òkè ńláńlá tí yìnyín bo orí wọn ló wà ní àríwá, níbi tí wọ́n ti bá Ọ́stríà pààlà. Slofẹ́níà wà ní ìlà-oòrùn, Òkun Adriatic sì wà ní gúúsù. Àwọn ará Friuli ní èdè tiwọn, tí òfin Ítálì nọ́ńbà 482 ti ọdún 1999 kà mọ́ àwọn èdè tí ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Èdè yìí ló pe iná náà ní pignarûl. Ọ̀rọ̀ iná kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn. Àlọ́ tí wọ́n ń pa fún ọmọdé ní Udine ni pé òkè tí ilé olódi ìlú náà dúró lé, àwọn ọmọ ogun Attila, ọba àwọn Hun, ló fi ìbòrí irin wọn bu erùpẹ̀, tí wọ́n dà á jọ títí ó fi ga, kí ọ̀gá wọn lè rí ibi tí yóò ti máa wo ìlú Aquileia bí ó ṣe ń jó. Àlọ́ ni ti erùpẹ̀. Pé Attila pa Aquileia run ní ọdún 452, ìtàn ni ìyẹn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Kìíní? Ọjọ́ yẹn ni àwọn Kristẹni ń ṣe àjọ̀dún Ìfihàn, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn amòye tí ó ti ìlà-oòrùn wá dé ọ̀dọ̀ Jésù ọmọ ọwọ́. Àlùfáà á ní iná náà ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà fún àwọn amòye ni. Àwọn mìíràn á ní iná ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, wọ́n á sì dárúkọ Beleno, òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní Aquileia láyé àwọn ará Róòmù. Pé wọ́n bọ Beleno níbẹ̀ kò ní iyàn nínú: orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn òkúta tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ ìlú náà, nígbà tí Maximinus olú-ọba Róòmù sì gbógun tì wọ́n ní ọdún 238, ohun tí àwọn ènìyàn sọ ni pé òrìṣà náà fúnra rẹ̀ ló gbèjà ìlú náà.

Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí oko wí ló ń tẹ̀ lé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kìíní, ilẹ̀ Friuli ti le bí òkúta. Àgbàdo ti wọ àká, wáìnì ti wà nínú àgbá, ẹran ọ̀sìn wà ní ilé ẹran, wọ́n ń jẹ koríko gbígbẹ tí a kó pamọ́ fún wọn. Kò sí ohun tí a lè gbìn, kò sí ohun tí a lè kórè. Ọwọ́ dilẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn kò dilẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe a máa ro ohun tí ó kù nínú àká. Àgbàdo tí à ń wí yìí, Amẹ́ríkà ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn bí ó ṣe ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń rò ó lórí iná bí ìgbà tí a bá ń ro ọkà, wọ́n ń pè é ní polenta. Fún ìrandíran, òun ni oúnjẹ tálákà níbẹ̀, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Bí àgbàdo bá kọ̀, ebi dé nìyẹn. Ẹ wá rí i pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi èéfín ní oṣù Kìíní kì í ṣe ìbéèrè eré.

Kíkọ́ pignarûl gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ohun èlò rẹ̀ sì gba ọdún kan gbáko. Ohun tí oko ti lò tán ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Èkíní ni pòròpórò àgbàdo. Èkejì ni ẹ̀ka àjàrà. Ní ọdọọdún, kí ìrúwé tó dé, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka àjàrà rẹ̀ kúrò, kí agbára igi má bàa bá ewé lọ; ẹ̀ka tí ó gé ni yóò dì ní ìdì-ìdì, tí yóò sì tò sábẹ́ òrùlé kí ó gbẹ. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gún àti igbó wẹ́wẹ́ tí a ṣán kúrò ní ààlà oko àti etí odò. Láyé òde òní, igi Kérésì tí ó ti rọ náà a máa bá wọn dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdì kan ṣoṣo níbi tí a ti ń dì í. Ẹ̀ka àjàrà le, ó sì ní ẹ̀tànjẹ: bí o bá tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, á yọrí lọ́hùn-ún, á sì gbá ọ lójú. Àgbẹ̀ á fi orúnkún kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ òsì kó orí wọn jọ, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọ̀pá wílò tútù kan yọ nínú àwọn tí ó fi sí ìgbànú. Wílò tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ bí okùn, òun náà ni wọ́n fi ń so àjàrà mọ́ òpó lóko. Á yí i po ìdì náà lẹ́ẹ̀kan, á lọ́ ìdí àti orí rẹ̀ pọ̀, á ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀. Kò ní kókó, kò ní wáyà, kì í sì í tú. Ẹni tí ó bá ti fi ìtàkùn di igi ìdáná láti oko rí á mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á yan pápá. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé, sí igi àti sí wáyà iná mànàmáná, ó sì dára kí ó wà níbi gíga tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i. Wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á ri òpó gígùn kan tí ó tọ́ gbọnrangandan mọ́ inú rẹ̀. Òpó yìí ni ẹ̀yìn rẹ̀, òun ni kò ní jẹ́ kí òkìtì wó sápá kan nígbà tí iná bá ń jẹ ẹ́. Igi tó nípọn ni wọ́n á kọ́kọ́ tò yí ìdí òpó ká. Wọ́n á fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ tí atẹ́gùn yóò máa gbà wọlé, wọ́n á sì ki koríko gbígbẹ sí i fún ìtanná. Ìdì àjàrà ni yóò tẹ̀ lé e, ní ìpele-ìpele, tí ìpele òkè á máa kéré ju ti ìsàlẹ̀. Wọ́n á wá fi pòròpórò ro ara rẹ̀ yíká, ní ìnàró, bí ìgbà tí a bá ń bo ahéré, kí òjò lè máa ṣàn lọ sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú. Àkàbà á di méjì, àkàbà á di mẹ́ta. Nígbà tí ẹni tí ó wà lókè bá fi sọ̀ kalẹ̀, òkìtì náà á ti dà bí ahéré ńlá tí kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn abúlé kan a máa fi àgbélébùú sórí rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi ère ìyá arúgbó tí wọ́n fi aṣọ àkísà àti koríko ṣe. Ìyá arúgbó yìí ni ọdún tó kọjá, òun náà ni òtútù àti ìyà rẹ̀. Ní Padua, tí ó wà lẹ́yìn Friuli sí apá ìwọ̀-oòrùn, ìyá arúgbó náà ni wọ́n fi sọ gbogbo ayẹyẹ ọjọ́ yìí lórúkọ: wọ́n ní àwọn ń lọ sun ìyá àgbà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kò sí agboolé kan tí ó lè dá pignarûl kọ́. Ẹni tí ó ní katakata á fi kó ìdì wá, ẹni tí ó ní pápá á yọ̀ǹda rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á gun àkàbà, àwọn àgbà á máa pàṣẹ láti ilẹ̀ pé ó ti ń wọ́, ó ti ń wọ́. Àwọn obìnrin, àti ọkùnrin tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe, á yan pinza: àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo pò, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, èso àjàrà gbígbẹ àti irúgbìn olóòórùn dídùn sí. Wọ́n á gbé wáìnì pupa kaná pẹ̀lú ṣúgà, kànáfùrù àti èèpo ọsàn, kí ẹni tí òtútù bá ti mú ọwọ́ rẹ̀ kú lè rí ife gbígbóná dì mú.

Bí alẹ́ ọjọ́ 6 bá wá lé, ojú a máa kúrò ní abúlé yòókù, á lọ sí Tarcento, nítorí níbẹ̀ ni Pignarûl Grant wà, ìyẹn iná ńlá tí ó jẹ́ àgbà fún gbogbo àwọn yòókù. Ṣáájú alẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò-àdúgbò á ti fi ọmọlanke tí iná ń jó lórí rẹ̀ sáré ìje láàárín ìlú. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìfihàn, ọ̀wọ́ ènìyàn tí ó wọ aṣọ àtijọ́ á gbéra, àwọn amòye á wà láàárín wọn, ògùṣọ̀ á tẹ̀ lé ògùṣọ̀ gòkè lọ sí Coia, níbi tí àwókù ilé olódi kan wà. Ẹni tí ó ṣáájú ni wọ́n ń pè ní Àgbà Ọlọ́lá, bàbá onírùngbọ̀n funfun tí ọ̀rọ̀ èéfín wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ni yóò ti iná bọ òkìtì.

Iná kì í gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Koríko á kọ́kọ́ mú, á fọ́n iná wẹ́wẹ́, pòròpórò á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà, ọ̀rinrin inú wọn á sì di èéfín funfun tí ó ṣú bí òwú. Ọmọdé kan á fa aṣọ bàbá rẹ̀ àgbà pé, "Bàbá, ibo ló ń lọ?" Bàbá á ní, "Mú sùúrù, jẹ́ kí iná kọ́kọ́ jẹun." Nígbà tí iná bá ti jẹun tán, tí ó ti gun òpó dé òkè, tí ìpẹ́pẹ́ iná ń ta sókè tí wọ́n ń dàrú mọ́ ìràwọ̀, ìgbà náà ni èéfín máa ń yan ọ̀nà. Àgbà Ọlọ́lá á wò ó, á sì sọ ohun tí ó rí. Bí ti Coia bá ti mú, àwọn pignarûl kéékèèké tí ó wà lórí àwọn òkè yíká á máa tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo àfonífojì á fi kún fún ojú iná.

Yorùbá ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ohun tí a fi pamọ́ kò ṣe é fi pamọ́ títí. Àwọn ará Friuli náà gbà pé èéfín kì í purọ́, ṣùgbọ́n ọdún ni wọ́n ń fi mọ̀. Ohun kan sì wà nínú èdè wọn tí yóò jọ Yorùbá lójú: ìlà-oòrùn ni àwọn náà ń pè ní ibi tí oòrùn ti là, ìwọ̀-oòrùn sì ni ibi tí oòrùn ń kọrí sí òkè lọ wọ̀. Ibi tí oòrùn ti ń yọ ni èéfín rere ń tọ̀ lọ, níbi tí àwọn amòye ti wá, níbi tí ọjọ́ ti ń mọ́. Èéfín burúkú ń bá oòrùn lọ sùn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ gan-an á bi atẹ́gùn. Atẹ́gùn kan wà ní apá ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bora. Láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, ó tutù, ó gbẹ, ó sì lágbára dé ibi pé ní Trieste ó lè gbé ènìyàn ṣubú lójú títì. Àwa tí a mọ ọyẹ́, tí òun náà ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá bá wa láti aṣálẹ̀, a mọ irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀: á gbẹ ètè, á gbẹ ilẹ̀. Níbikíbi tí Bora bá ti fẹ́, ìwọ̀-oòrùn ni yóò ti èéfín sí. Ọdún tí àgbà pè ní burúkú ni ọdún tí atẹ́gùn gbígbẹ ti ìlà-oòrùn wá ní alẹ́ ọjọ́ Ìfihàn. Bóyá atẹ́gùn alẹ́ kan lè sọ ti oṣù méjìlá ni ọ̀rọ̀ kù sí, ìyẹn sì ni ibi tí ìgbàgbọ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìmọ̀.

Tarcento nìkan kọ́ ló ń bi iná ní ìbéèrè. Ní Turin, ní ìwọ̀-oòrùn Ítálì pátápátá, iná tiwọn kì í dúró de òtútù. Alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọdún Jòhánù Mímọ́ tí ó jẹ́ alábòójútó ìlú náà, ni wọ́n ń dá a ní àárín gbùngbùn ìlú, pẹ̀lú ère akọ màlúù lórí rẹ̀. Ibi tí ère náà bá ṣubú sí ni wọ́n ń wò: bí ó bá dojú kọ ibùdó rélùwéè Porta Nuova, ayọ̀ dé. Ní Carnia, ní àwọn òkè tí ó wà lókè Udine, igi pẹlẹbẹ tí a gbẹ́ róbótó ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi iná sí títí á fi pọ́n, wọ́n á wá fi ọ̀pá jù ú láti etí òkè sínú òkùnkùn, wọ́n á sì máa kígbe orúkọ ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n fẹ́ kí ó fẹ́ ara wọn. Cidulis ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè oko di ìbéèrè ìgbéyàwó, iná kan náà ni wọ́n ń bi.

Lọ́nà jíjìn réré sí Ítálì, ní etíkun gúúsù ìlà-oòrùn Íńdíà, àwọn Tamil náà ń dá iná ní oṣù Kìíní yìí, bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Ìfihàn. Bhogi ni wọ́n ń pè é, ìdájí ni wọ́n ń dá a, ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Pongal, ọdún ìkórè wọn. Ẹní àtijọ́, agbọ̀n tí ó ti fọ́, gbogbo ohun tí ilé ti lò gbó ni wọ́n ń sun, kí wọ́n tó fi ìrẹsì tuntun se oúnjẹ ọdún. Èyí tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Bhogi ń gba ẹni tí irè rẹ̀ ti dé ilé, pignarûl sì ń gba ẹni tí kò tíì gbìn. Tamil ń dúpẹ́. Àgbẹ̀ Friuli ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ Ìfihàn ní Friuli pín sí méjì, ìpín náà sì sọ púpọ̀ nípa ẹni tí ó ni alẹ́. Òwúrọ̀ jẹ́ ti àwọn alágbára. Ní Cividale, díákónì kan á wọ ìbòrí ogun tí ìyẹ́ wà lórí rẹ̀, á di idà mú láàárín ìsìn, á sì fi kí àwọn ènìyàn, tí ó ń fi í gé afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Idà náà jẹ́ ti Marquardo, Patriaki Aquileia, ọdún 1366 ni wọ́n fín sí i lára. Láti 1077 títí di 1420 tí Venice gba ilẹ̀ náà, Patriaki kì í ṣe olórí ìjọ nìkan, òun náà ni ọba. Ní Gemona, ní òwúrọ̀ kan náà, méyọ̀ ìlú á gbé owó fàdákà kan fún àlùfáà nínú ìsìn: tálà Maria Theresa tí wọ́n kọ 1780 sí lára. Owó yìí kò ṣàjèjì sí apá ọ̀dọ̀ wa pátápátá, nítorí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ́n ń ná an ní Borno àti Kano lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹyọ. Idà ní àárọ̀, fàdákà ní àárọ̀: ìjọba àti ìjọ ń ki ara wọn. Alẹ́ ló kù fún ẹni tí kò ní idà, tí kò ní fàdákà, tí ó jẹ́ pé igi gbígbẹ àti ìbéèrè kan ni ó ní.

Ẹni tí ó mọ ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ á sọ pé àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹfà, àwọn babaláwo a máa péjọ sí Òkè-Ìtasẹ̀ láti gbọ́ ohun tí Ifá ní í sọ nípa ọdún. Ní Òṣogbo, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, wọ́n sì ń jó yí i ká ní òru. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò kéré. Bí Ifá bá rí ibi, á sọ ẹbọ tí a ó rú kí ibi náà lè yẹ̀. Èéfín Friuli kò mọ ẹbọ. Á sọ tirẹ̀, á sì pòórá lójú ọ̀run. Kò sí ẹni tí a ó bẹ̀, kò sí ohun tí a ó gbé lọ sí oríta. Ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ló kù, àti àpò.

Ọ̀rọ̀ àpò náà sì rèé. Nígbà tí òwe yẹn ní kí onílé máa rìn káyé, ohun tí ojú rí ló ń sọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilẹ̀ Friuli kò lè bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, ọkùnrin á gbéra lọ sí Ọ́stríà àti Jámánì láti lọ mọlé, láti lọ sun bíríkì, á sì padà wálé nígbà tí òtútù bá tún dé. Ẹ wo oṣù tí ó bọ́ sí: ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, ilé ni ó wà. Ó ń bẹ lára àwọn tí ó di ìdì, tí ó gun àkàbà, tí ó gbé ojú sókè. Oṣù méjì péré ló kù kí ó tún lọ. Èéfín tí ó wò, tirẹ̀ ni. Àwọn mìíràn lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1878, àwọn ará Friuli tẹ Colonia Caroya dó ní Argentina. Wọ́n dé Kánádà, wọ́n dé Ọsirélíà.

Wọ́n tilẹ̀ fi iṣẹ́ wọn dé abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ilẹ̀ tẹ̀ràsó tí ó wà nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Èkó àti Ìbàdàn, tí a máa ń fi omi nù títí á fi dán bí dígí, àwọn oníṣẹ́ Friuli wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ náà káàkiri ayé. Ìlú Spilimbergo, tí kò jìnnà sí Udine, ni wọ́n ti dá ilé-ìwé àwọn oníṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1922, ó sì wà títí dòní. Níbikíbi tí wọ́n bá dé, wọ́n ń dá ẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ náà ní Fogolâr Furlan. Fogolâr ni ààrò, ibi ìdáná tí ó máa ń wà ní àárín ilé ìgbọ́únjẹ wọn, tí gbogbo ẹbí ń jókòó yí ká. Ní ọdún 1953, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Udine tí ó so gbogbo àwọn ọmọ Friuli tí ó wà lẹ́yìn odi pọ̀. Ẹni tí èéfín lé kúrò nílé sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórúkọ iná ilé.

Láyé òde òní, ọ̀nà ti yí padà. Friuli ti di ilẹ̀ tí ènìyàn ń wá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì lé ní 100,000, àwọn Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó wà ní Udine, Padua àti Turin. Àpò Ghana-must-go tí wọ́n gbé wá ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gòkè Coia lálẹ́ ọjọ́ Ìfihàn, tí ẹnìkan sì túmọ̀ òwe èéfín fún un, kò ní nílò àlàyé kejì.

Iná náà ní ìṣòro tirẹ̀ báyìí. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá Ítálì wà láàárín òkè bí omi tó wà nínú àwo; ní ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ kì í rìn níbẹ̀, èéfín ọkọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ a sì máa dúró lójú kan. Nítorí náà, àwọn ìlú kan ti dín iye iná kù, àwọn mìíràn sì ti fagi lé e ní àwọn ọdún tí afẹ́fẹ́ bàjẹ́ jù. Igi tí a kùn lọ́dà, ike àti táyà kò gbọ́dọ̀ dé inú òkìtì mọ́. Ní ọjọ́ 5 àti 6 oṣù Kìíní ọdún 2021, ìjọba ti gbogbo Ítálì mọ́lé nítorí Kòrónà, kò sì sí ẹni tí ó lè pe èrò jọ sórí òkè. Ẹ̀rù ìmìtìtì ilẹ̀ náà kò kúrò lára wọn: ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, ilẹ̀ mì tìtì ní Friuli, ènìyàn tí ó súnmọ́ 1,000 ló kú, Gemona wó, Tarcento náà fara gbá. Wọ́n tún àwọn ìlú náà kọ́ ní òkúta lé òkúta. Ẹni tí ó ti rí irú ìyẹn mọ̀ pé èéfín kì í sọ ohun gbogbo.

Bí Àgbà Ọlọ́lá bá ti sọ̀rọ̀ tán, ariwo á ta, wọ́n á rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n mirí, wọ́n á sì tún bu wáìnì gbígbóná sínú ife. Òkìtì á wó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku òpó tí ó ti di èédú. Ní òru, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kàn á dúró dè wọ́n, nítorí ìgbà òtútù yìí náà ni ìgbà tí a ń gé àjàrà. Bí èéfín bá lọ sí ìlà-oòrùn, àgbẹ̀ á mú abẹ ìgé rẹ̀ lọ sóko. Bí ó bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, abẹ kan náà ni yóò mú, oko kan náà ni yóò lọ. Á gé ẹ̀ka tí kò ní so, á fi orúnkún tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, á fa wílò kan yọ ní ìgbànú, á lọ́ ọ, á ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀. Á ju ìdì náà sẹ́yìn, á lọ síbi igi tí ó kàn. Pignarûl ọdún tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.